Ta Ni Yóò Gba Ẹjọ́ Ọ̀daràn Rò?

Ìwọ ọ̀dọ́ tí o ń ka ìwé yìí, ó dá mi lójú pé o ti gbọ́ ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá jà lónìí. Bí o bá wọ ọkọ̀ akérò, tàbí bí o bá jókòó ní ìsọ̀ onígbàjámọ̀, tí ìròyìn sì jáde lórí rédíò pé adájọ́ dá ẹnì kan tí gbogbo ayé ti kà sí olè sílẹ̀, ìwọ yóò gbọ́ tí ẹnì kan yóò mí kanlẹ̀, tí yóò wí pé: “Lọ́yà rẹ̀ ni. Òpùrọ́ ni gbogbo wọn.” Ẹlòmíràn yóò sì fi òwe gbè é lẹ́sẹ̀, yóò ní ẹni tí ó gbé epo lájà kò jalè tó ẹni tí ó gbà á sílẹ̀. Gbogbo èrò ọkọ̀ yóò rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ yóò sì tán síbẹ̀.

Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ kò gbọdọ̀ tán síbẹ̀. Mo wí pé ẹni tí ó gba ẹjọ́ ọ̀daràn rò kò gba epo sílẹ̀ lọ́wọ́ olè. Mo sì tún wí pé bí ẹni náà bá purọ́ fún adájọ́, bí ó bá ti ẹ̀ṣẹ̀ sí aláìṣẹ̀ lọ́rùn, tàbí bí ó bá fi àrékérekè fa ẹjọ́ gùn títí ẹlẹ́rìí fi kú, nígbà náà ni òwe yẹn bá a mu wẹ́kú. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin iṣẹ́ méjèèjì yìí ni mo fẹ́ fi hàn ọ́. Ènìyàn púpọ̀ ni kò mọ̀ ọ́n. Èyí tí ó sì burú jù ni pé àwọn agbẹjọ́rò kan mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n wọ́n ń ṣe bí ẹni pé àwọn kò mọ̀ ọ́n.

Jẹ́ kí a ti ilé bẹ̀rẹ̀. Kí òyìnbó tó gbé kóòtù dé ilẹ̀ wa, àwọn baba wa ti fi òwe kan ṣe òfin fún gbogbo ẹni tí ó bá fẹ́ parí ìjà, láti orí ọba títí dé orí baálé: agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Fi ara balẹ̀ wo ọ̀rọ̀ náà. Àwọn àgbà kò dúró dìgbà tí ìdájọ́ bá yí sí èké kí wọ́n tó pe onídàájọ́ ní òṣìkà. Gbígbọ́ tí ó gbọ́ ẹnu ẹnì kan ṣoṣo ti tó ẹ̀bi fún un, ìbáà tilẹ̀ jẹ́ pé ìdájọ́ rẹ̀ padà bọ́ sí òtítọ́. Nítorí pé bí ó bá bọ́ sí òtítọ́, orí ni ó kó o yọ, ìwádìí kọ́.

Lórí ìpìlẹ̀ yìí kan náà ni a kọ́ ètò ìdájọ́ tí a jogún lọ́wọ́ àwọn ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní ilẹ̀ Faransé, adájọ́ kan wà tí òun fúnra rẹ̀ ń darí ìwádìí bí ẹ̀ṣẹ̀ ńlá bá ṣẹ̀. Ní tiwa, adájọ́ a máa jókòó sí àárín bí ẹni tí ń ṣọ́ ìjàkadì. Olùpẹ̀jọ́ yóò mú ẹ̀rí tirẹ̀ wá, olùjẹ́jọ́ yóò yẹ ẹ̀rí náà wò, yóò sì mú tirẹ̀ wá bí ó bá ní. Lẹ́yìn náà ni adájọ́ yóò sọ ẹni tí ó jàre. Ìwé òfin orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti 1999, ní abala 36, sọ ọ́ gbangba pé aláìṣẹ̀ ni kí a ka ẹni tí a fi ẹ̀sùn ọ̀ràn kàn sí títí a ó fi fi ìdí ẹ̀sùn náà múlẹ̀, àti pé ó lẹ́tọ̀ọ́ láti gba ẹnu ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ tàbí láti gba ẹnu agbẹjọ́rò tí òun fúnra rẹ̀ yàn sọ ọ́. Ronú sí i: bí ìjàkadì bá wà, tí a sì di ọwọ́ ẹnì kan sẹ́yìn, ìṣubú ẹni náà kò fi hàn pé ẹnì kejì lágbára.

Mo mọ ohun tí mò ń wí, nítorí pé èmi pẹ̀lú ti jẹ́ àgbà òṣìkà yẹn rí. Ní ọdún tí mo kọ́kọ́ di ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́, owó ìwé sọnù ní kíláàsì kẹfà. Ọmọ mẹ́ta wí pé àwọn rí ọmọkùnrin kan nídìí àpótí tí owó náà wà. Akólòlò ni ọmọ náà. Bí mo ti bi í léèrè, ètè rẹ̀ ń gbọ̀n, ọ̀rọ̀ kò jáde. Mo sì ka àìlèsọ̀rọ̀ rẹ̀ sí àmì ẹ̀bi. Èmi ni mo fi ẹ̀sùn kàn án, èmi ni mo dá ẹjọ́ náà, èmi náà ni mo sì di pàṣán mú. Mo nà án ní ẹgba méjìlá lójú gbogbo ilé-ẹ̀kọ́. Ní ọjọ́ kẹta, a rí owó náà láàrin ìwé olùkọ́ kan, níbi tí òun fúnra rẹ̀ fi í sí tí ó sì gbàgbé. Ẹfun ìkọ̀wé ni olùkọ́ mìíràn rán ọmọ náà lọ mú nínú àpótí.

Bí ọmọ kan ṣoṣo tí ọ̀rọ̀ dá lẹ́nu rẹ̀ bá ti dìde lọ́jọ́ náà, kí ó wí pé, “Ẹ jọ̀wọ́ sà, ta ni ó rán an débẹ̀?” ìbéèrè kan yẹn ìbá ti gba ẹ̀yìn ọmọ náà lọ́wọ́ pàṣán, ìbá sì ti gba èmi náà lọ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ àti lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹgba tí a ti nà kò ṣeé gbà padà. Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ ohun tí agbẹjọ́rò wà fún. Kò wà fún kí ẹni burúkú lè mú un jẹ. Ó wà nítorí pé ẹni tí ó ní agbára láti fìyà jẹni kì í sábà bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè tí ó lè dá ọwọ́ rẹ̀ dúró.

Má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ọmọdé nìkan ni èyí. Ní 1914, nígbà ìṣàkóso Lugard, ìjọba amúnisìn gbé kóòtù kan kalẹ̀ ní àwọn ẹkùn ilẹ̀ wa, wọ́n sì fi òfin dè é pé agbẹjọ́rò kankan kò gbọdọ̀ fara hàn níbẹ̀. Àwọn òyìnbó tí ń ṣàkóso ìlú ni wọ́n tún ń jókòó bí adájọ́ ní àwọn kóòtù náà, bẹ́ẹ̀ ni ẹjọ́ tí ó la ikú lọ wà lára èyí tí wọ́n ń dá. Kí ni ìdí tí ìjọba sọ? Wọ́n ní àwọn agbẹjọ́rò yóò máa dá ìjà sílẹ̀ láàrin ìlú, wọn yóò sì máa fa ẹjọ́ gùn. Ǹjẹ́ o kò rí i pé ọ̀rọ̀ àwọn èrò ọkọ̀ wa gan-an nìyẹn? Ó gba nǹkan bí ogún ọdún, títí di àtúnṣe òfin ti 1933, kí ilẹ̀kùn yẹn tó ṣí. Ní gbogbo àkókò náà, àgbẹ̀ tí a bá fi ẹ̀sùn ìpànìyàn kàn lè dúró níwájú òyìnbó tí kò gbọ́ èdè rẹ̀, kí ògbufọ̀ nìkan sì wà láàrin òun àti okùn. Ẹni tí ó bá ń bú agbẹjọ́rò láìyọ ẹnì kan sílẹ̀, kí ó rántí àgbẹ̀ náà.

Ṣùgbọ́n mo gbọ́ ohùn rẹ. O ń wí pé: “Ó dára, sà, ọmọ tí ẹ nà kò jalè. Bí ó bá jalè ńkọ́, tí agbẹjọ́rò rẹ̀ sì mọ̀ dájú pé ó jalè?” Ìbéèrè ọlọ́gbọ́n ni, n kò sì ní sá fún un. Ẹjọ́ kan tí a dá ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1840 ni ó yọ ìbéèrè náà síta jùlọ, n ó sì ròyìn rẹ̀ fún ọ.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹfà oṣù karùn-ún ọdún náà, wọ́n bá Lord William Russell, ọlọ́lá ẹni ọdún 72, lórí ibùsùn rẹ̀ nínú ilé rẹ̀. A ti fi ọ̀bẹ dú u lọ́rùn. Ìránṣẹ́bìnrin ilé náà, Sarah Mancer, wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ rí òkú náà. Ìfura bọ́ sórí ìránṣẹ́kùnrin Russell, ọmọ ilẹ̀ Switzerland kan tí ń jẹ́ François Courvoisier, ẹni ọdún 23. Agbẹjọ́rò tí ó gba ẹjọ́ rẹ̀ rò ni Charles Phillips, ọmọ Ireland, ẹni tí ẹnu rẹ̀ dùn púpọ̀. Ọdún mẹ́rin péré ni ó kọjá lẹ́yìn tí òfin 1836 kọ́kọ́ gba agbẹjọ́rò láyè ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti bá ìgbìmọ̀ ẹni méjìlá sọ̀rọ̀ lórí ẹjọ́ ẹni tí a fi ẹ̀sùn ọ̀ràn ńlá kàn. Ṣáájú ìgbà náà, ẹ̀tọ́ rẹ̀ kò kọjá kí ó bi ẹlẹ́rìí léèrè ọ̀rọ̀.

Nígbà tí ẹjọ́ bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kejìdínlógún oṣù kẹfà, Phillips gbàgbọ́ pé aláìṣẹ̀ ni ẹni tí òun ń gbà á rò fún, nítorí ẹ̀rí kò tíì lágbára. Ṣùgbọ́n kí ẹjọ́ tó tẹ̀ síwájú lọ́jọ́ kejì, obìnrin kan tí ó ní hòtẹ́ẹ̀lì fi ẹ̀rí hàn pé Courvoisier ni ó fi ẹrù kan pamọ́ sọ́dọ̀ òun, ẹrù tí a bá àwọn fàdákà Russell tí ó sọnù nínú rẹ̀. Nígbà náà ni Courvoisier pe agbẹjọ́rò rẹ̀, ó sì jẹ́wọ́ fún un pé òun ni òun pa ọ̀gá òun. Síbẹ̀, ó ní òun kò ní gbà níwájú adájọ́ pé òun jẹ̀bi, ó sì fẹ́ kí Phillips jà fún òun títí dé òpin.

Kí ni ìwọ ìbá ṣe? Ohun tí ó kọ́kọ́ wá sí Phillips lọ́kàn ni kí ó ju ẹjọ́ náà sílẹ̀. Ó lọ fi ọ̀rọ̀ lọ adájọ́ Parke, tí ó jókòó ti adájọ́ àgbà lórí àga ìdájọ́ náà. Parke dá a lóhùn pé bí ẹlẹ́wọ̀n náà bá fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀, dandan ni kí ó máa bá a lọ, kí ó sì lo gbogbo àlàyé tí ó tọ́ tí a lè rí fà yọ láti inú ẹ̀rí. Phillips padà lọ, ó sì sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́. Gbogbo rẹ̀ kò gba Courvoisier là. Ìgbìmọ̀ ní ó jẹ̀bi, wọ́n sì yẹgi fún un níwájú ọgbà ẹ̀wọ̀n Newgate ní ọjọ́ kẹfà oṣù keje. Nígbà tí ayé wá gbọ́ pé agbẹjọ́rò náà ti mọ òtítọ́ kí ó tó sọ̀rọ̀, ariwo ta. Òǹkọ̀wé olókìkí nì, Charles Dickens, kọ̀wé sí ilé ìwé ìròyìn láti bá a wí. Ní 1849, lẹ́yìn ọdún mẹ́sàn-án, wọ́n ṣì ń fa ọ̀rọ̀ náà mọ́ ara wọn lọ́wọ́, Phillips sì ń wẹ ara rẹ̀ mọ́ nínú ìwé ìròyìn.

Jẹ́ kí èmi náà dá ẹjọ́ Phillips, ṣùgbọ́n kí n má ṣe gbọ́ ẹnu ẹnì kan dá a. Bí ó ti dúró ti ẹjọ́ náà, ó ṣe dáradára. Bí ó bá sá lọ láàrin ẹjọ́, gbogbo ẹni tí ó wà ní kóòtù ni ìbá mọ ìdí rẹ̀, ìbá sì dàbí pé òun ni ó so okùn mọ́ ọkùnrin náà lọ́rùn pẹ̀lú ọ̀rọ̀ àṣírí tí ó fi lé e lọ́wọ́. Bí ó ti yẹ ẹ̀rí àwọn ọlọ́pàá wò fínnífínní, ó ṣe dáradára. Wọ́n ti yẹ àpótí ìránṣẹ́ náà wò, wọn kò rí nǹkan. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tún wá bá ìbọ̀wọ́ ẹlẹ́jẹ̀ nínú àpótí kan náà, lẹ́yìn tí a ti ṣèlérí ẹ̀bùn owó. Ó yẹ kí ẹnì kan bèèrè bí ìbọ̀wọ́ náà ti ṣe débẹ̀, ìbáà jẹ́ apànìyàn ni ó ni àpótí. Nítorí pé ọlọ́pàá tí a bá jẹ́ kí ó ki ẹ̀rí bọ àpótí ẹlẹ́ṣẹ̀ lónìí yóò ki í bọ àpótí tìrẹ lọ́la.

Ṣùgbọ́n lílọ tí ó lọ sọ àṣírí ẹni tí ó gbẹ́kẹ̀ lé e fún adájọ́ tí ó wà lórí àga ìdájọ́ kan náà, àṣìṣe ńlá ni. Èyí tí ó tún wúwo jù ú lọ ni ti Sarah Mancer. Àwọn tí ó bá Phillips wí ní ó sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ó ṣeé ṣe kí ìránṣẹ́bìnrin náà mọ̀ nípa ikú ọ̀gá rẹ̀, ó sì fi ẹ̀gbin kan orúkọ obìnrin onílé-ìtura náà. Òun sẹ́, ó ní òun kò fi ẹ̀sùn kan ọmọbìnrin náà. Èmi kò sí níbẹ̀, n kò sì ní búra fún apá kan. Ohun tí mo lè wí ni pé bí ó bá ṣe é, kò sí òfin ayé tí ó lè wẹ̀ ẹ́ mọ́. Ọmọbìnrin tálákà tí ń gbálẹ̀ ilé onílé kò ní ọrọ̀ kan ju orúkọ rere rẹ̀ lọ. Kí ènìyàn mọ apànìyàn, kí ó sì na ìka sí aláìṣẹ̀, ẹni náà ti kọjá agbẹjọ́rò. Ó ti di alábàáṣe.

Ààlà náà rèé, kọ ọ́ sí ọkàn rẹ. Agbẹjọ́rò lè wí pé, “Ẹ kò tíì fi ìdí ẹ̀sùn yín múlẹ̀.” Ó lè wí bẹ́ẹ̀ fún ẹni tí ó mọ̀ pé ó jẹ̀bi, kò sì purọ́, nítorí pé lórí agbára ẹ̀rí ni ó ń sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ wí pé, “Ẹlòmíràn ni ó ṣe é,” nígbà tí ó mọ̀ pé irọ́ ni. Kò gbọdọ̀ kọ́ ẹlẹ́rìí ní ohun tí kò ṣojú rẹ̀. Kò gbọdọ̀ gbé ìwé ayédèrú síwájú adájọ́. Olùpẹ̀jọ́ ìjọba pẹ̀lú ní ààlà tirẹ̀: bí ó bá rí ẹ̀rí tí ó lè gba olùjẹ́jọ́ là, tí ó fi í pamọ́, ọ̀daràn ni òun náà nínú aṣọ dúdú.

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú iṣẹ́ náà yóò bínú sí ọ̀rọ̀ yìí. Baba ìsàlẹ̀ wọn ni Henry Brougham, ẹni tí ó gba ẹjọ́ Ayaba Caroline rò ní 1820. Ó wí níwájú àwọn ọlọ́lá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pé ẹnì kan ṣoṣo ni agbẹjọ́rò mọ̀ láyé bí ó bá wà lẹ́nu iṣẹ́, èyíinì ni ẹni tí ó gbà á. Àti pé bí ewu bá tilẹ̀ bá gbogbo àwọn yòókù, kí ó máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ akọni ni nígbà tí ọba ń fìyà jẹ obìnrin kan. Ṣùgbọ́n wò ó bí àwọn kan ti ń lò ó ní ilẹ̀ wa. Olówó kan yóò kó owó ìlú jẹ. Yóò gba agbẹjọ́rò bí ẹni gba onílù. Lónìí, ara olùjẹ́jọ́ kò yá. Lọ́la, agbẹjọ́rò àgbà rin ìrìn àjò. Lọ́tùn-ún-la, a tún pe ẹjọ́ kékeré jáde láti inú ẹjọ́ ńlá. Adájọ́ yóò fẹ̀yìn tì, a ó tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Òfin ìṣàkóso ẹjọ́ ọ̀daràn ti 2015 sọ pé apá kan kò gbọdọ̀ gba ìsúnsíwájú ju ìgbà márùn-ún lọ, àti pé àárín ọ̀kan sí èkejì kò gbọdọ̀ ju ọjọ́ iṣẹ́ 14 lọ. Àwọn tí ó mọ òfin náà lórí ni wọ́n mọ ọ̀nà tí a fi ń yẹ̀ ẹ́ sílẹ̀.

Ní àkókò kan náà, ó ju ìdajì àwọn tí ó wà nínú ọgbà ẹ̀wọ̀n wa lọ tí a kò tíì dá ẹjọ́ wọn. Tálákà ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn. Ìjọba dá àjọ tí ń gba ẹjọ́ tálákà rò lọ́fẹ̀ẹ́ sílẹ̀ ní 1976, ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà pọ̀ ju ọwọ́ tí ń ṣe é lọ. Nítorí náà, ẹ̀bi tí mo dá iṣẹ́ agbẹjọ́rò ní ilẹ̀ wa yàtọ̀ sí ti àwọn èrò ọkọ̀. Wọ́n ní àwọn agbẹjọ́rò ń jà fún olè. Èmi ní: wọ́n ń jà fún olè olówó títí ilẹ̀ fi ń ṣú, ẹni tí a sọ pé ó jí ewúrẹ́ kò sì rí ẹnì kan bá a wí gbólóhùn kan.

O lè tún bi mí pé, “Ẹ̀jẹ̀ ẹni tí a pa ńkọ́? Ta ni ń gba ẹjọ́ tirẹ̀ rò?” Olùpẹ̀jọ́ ni, kí ó sì fi gbogbo agbára ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ òkú kò bẹ̀bẹ̀ fún ẹ̀jẹ̀ ẹnikẹ́ni tí ọwọ́ bá sáà tẹ̀; ẹ̀jẹ̀ ẹni tí ó ṣe é ni ó ń bèèrè. Bí a bá fìyà jẹ aláìṣẹ̀, ẹni méjì ni a rẹ́ jẹ, apànìyàn sì ń rìn káàkiri.

Ní 2012, ní Aluu, ní ìpínlẹ̀ Rivers, èrò rọ́ mọ́ akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì mẹ́rin, wọ́n ní olè ni wọ́n. Wọ́n lù wọ́n, wọ́n sì dáná sun wọ́n ní ojúmọmọ. Adájọ́ kò sí níbẹ̀, agbẹjọ́rò kò sí níbẹ̀. Ariwo nìkan ni ó wà. Àwọn ọ̀dọ́ tí ọjọ́ orí wọn kò ju ti ẹ̀gbọ́n rẹ lọ ni wọ́n. Bí o bá ń fẹ́ mọ bí ìlú tí kò ní agbẹjọ́rò ti ń rí, òun nìyẹn.

Nítorí náà, ọmọ mi, bí orí bá gbé ọ dé ilé-ẹ̀kọ́ àwọn amòfin lọ́la, má ṣe tijú láti dúró ti ẹni tí gbogbo ìlú kórìíra. Ṣùgbọ́n kí irọ́ má ṣe ti ẹnu rẹ jáde nítorí owó rẹ̀. Ẹjọ́ rẹ̀ ni kí o gbà, má ṣe gba ìwà rẹ̀. Bí orí kò bá sì gbé ọ débẹ̀, ìwọ yóò ṣì jẹ́ agbẹjọ́rò lọ́nà kan. Lọ́jọ́ kan, ní kíláàsì, ní ọjà tàbí ní ìdíkọ̀, wọn yóò ti ẹnì kan sí àárín, ọ̀rọ̀ kò sì ní jáde lẹ́nu rẹ̀. Gbogbo ènìyàn ni ó ti dájọ́ tán. Dìde lọ́jọ́ náà, kí o sì bèèrè: “Ẹ jọ̀wọ́, ta ni ó rán an débẹ̀?”